Ìṣirò Nínú Ìwádìí Sẹ́ẹ̀lì Ìpìlẹ̀ Jẹjẹrẹ

Ní ọdún 1961, ní ìlú Toronto ní Kánádà, James Till tó jẹ́ onímọ̀ físíìsì àti Ernest McCulloch tó jẹ́ dókítà fi ìtànṣán pa mùdùnmúdùn inú egungun àwọn eku, wọ́n sì gún wọn ní abẹ́rẹ́ mùdùnmúdùn eku mìíràn. Lẹ́yìn bí ọjọ́ mẹ́wàá, McCulloch rí kókó wẹ́wẹ́ lára ẹ̀yà ara tó ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ikùn wọn, ó sì kà wọ́n. Bí sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n gún sí eku bá ṣe pọ̀ tó ni kókó ń pọ̀ tó: kókó kan fún nǹkan bíi 10,000 sẹ́ẹ̀lì. Kíkà yìí ló ṣínà fún ìmọ̀ pé sẹ́ẹ̀lì díẹ̀ wà tó lè bí irú ara rẹ̀, tó sì tún lè bí oríṣiríṣi sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀. Àwọn ni sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀. Ẹni tó bá rò pé àná ni oníṣirò wọ inú iṣẹ́ yìí, kó rántí Till.

Ní 1994, John Dick àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ní Toronto náà, gbé irú ọ̀nà yìí lọ sórí jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀. Nínú eku tí agbára ìdènà àrùn rẹ̀ kò pé, nǹkan bí ẹyọ kan nínú 250,000 sẹ́ẹ̀lì aláìsàn ló lè dá àrùn náà sílẹ̀. Ní 2003, ẹgbẹ́ Michael Clarke ní Yunifásítì Michigan fi 100 sẹ́ẹ̀lì péré tí wọ́n ṣà nínú jẹjẹrẹ ọyàn hu kókó lára eku. Ẹgbẹẹgbàárùn-ún àwọn yòókù kò hu nǹkan kan. Èrò wá gbilẹ̀ pé gbòǹgbò àrùn, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ jẹjẹrẹ, ti dé ọwọ́, àti pé oògùn tó bá gé ẹ̀ka láì kan gbòǹgbò, àrùn á tún rú.

Ní 2008, Sean Morrison, ní Michigan kan náà, lo eku tí agbára ìdènà àrùn rẹ̀ tún kéré sí ti tẹ́lẹ̀. Ẹyọ kan nínú bíi sẹ́ẹ̀lì melanoma mẹ́rin, ìyẹn jẹjẹrẹ awọ ara, ló hu kókó. Wọ́n pààrọ̀ eku, iye náà sì yí padà. Lójú tèmi, kò sí àbájáde tó ṣe pàtàkì tó èyí nínú ìtàn náà, nítorí ó fi hàn pé ṣíṣa sẹ́ẹ̀lì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nìkan kò lè parí ọ̀rọ̀.

Kó tó dìgbà náà, ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń pè ní systems biology ti ń gbèrú. Leroy Hood àti ẹgbẹ́ rẹ̀ dá ilé-ìwádìí sílẹ̀ fún un ní Seattle ní 2000. Wọ́n á wọn nǹkan púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á gbé e sínú ìṣirò, ìṣirò á sọ ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀, wọ́n á wá padà sí yàrá ìwádìí lọ wò ó. Ní 2005, Franziska Michor àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ èsì ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ń lo oògùn imatinib fún irú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kan wò. Sẹ́ẹ̀lì àrùn ń dínkù kíákíá níbẹ̀rẹ̀, bí ìdá 5 nínú 100 lójúmọ́, lẹ́yìn náà ó ń falẹ̀, kò tó ìdá 1. Ìṣirò wọn ní oògùn náà kò kan sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ àrùn náà. Ingo Roeder àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Leipzig, Jámánì, ta kò wọ́n ní 2006: oògùn náà ń kan sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ tó ń pín, èyí tó sùn ni kò kàn. Ní 2010, àwọn dókítà ilẹ̀ Faransé ròyìn àwọn aláìsàn tí wọ́n dá imatinib dúró fún lẹ́yìn tí a kò rí àrùn náà lára wọn mọ́ fún ọdún méjì ó kéré tán. Nínú àwọn tí wọ́n ti ṣọ́ fún ọdún kan, bí ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá ni àrùn náà kò padà sí lára.

Ní 2011, Piyush Gupta, Eric Lander àti àwọn mìíràn ní Massachusetts ya sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ọyàn sọ́nà mẹ́ta, ọ̀kan nínú wọn jọ sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀. Wọ́n sin ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Kò pẹ́, àwo kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ sí í padà sí ìpín tí wọ́n bá a nílẹ̀, oríṣi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì tún pé. Èyí tí kò jọ sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ ń di èyí tó jọ ọ́, gẹ́gẹ́ bí ìṣirò wọn ti sọ. Ní 2014, ìwádìí kan ka iṣẹ́ jíìnì nínú 430 sẹ́ẹ̀lì, lọ́kọ̀ọ̀kan, láti inú jẹjẹrẹ ọpọlọ aláìsàn márùn-ún. Láàárín sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ àti èyí tí kì í ṣe é, wọn kò rí ààlà, ìpele-ìpele ni wọ́n rí. Ọdún 2016 ni ẹgbẹ́ John Dick àti Jean Wang gbé òdiwọ̀n jíìnì 17 jáde, èyí tó ń fi aláìsàn jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ tí ó ṣeé ṣe kí ìtọ́jú àkọ́kọ́ má ràn hàn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ rárá.