J.D. 'Okhai Ojeikere: Ayàwòrán tó fi kámẹ́rà tọ́jú irun dídì

J.D. 'Okhai Ojeikere jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn ayàwòrán tí orílẹ̀-èdè Nàìjíríà tíì ní. Iṣẹ́ tí ayé fi mọ̀ ọ́n jù lọ ni fọ́tò irun dídì àti irun kíkó, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í yà lọ́dún 1968, tí iye rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹgbẹ̀rún kan. Ọmọ ìpínlẹ̀ Ẹdó ni, ṣùgbọ́n Ìbàdàn ló ti mọṣẹ́, Èkó ló sì ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ ayé rẹ̀. Ìdí nìyí tí orúkọ Yorùbá fi pọ̀ lára àwọn irun tó yà.

Ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀

Ọdún 1930 ni wọ́n bí i ní abúlé Ovbiomu-Emai. Ẹni ogún ọdún ni nígbà tó ra kámẹ́rà kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Brownie D, tí kò ní iná lórí. Aládùúgbò rẹ̀ kan ló kọ́ ọ ní ìpìlẹ̀ iṣẹ́ náà, nígbà tí kò tíì wọ́pọ̀ kí ọmọ abúlé sọ pé fọ́tò lòun fẹ́ máa yà jẹun.

Ohun tó wá ń wù ú ni láti wọ ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ètò ìròyìn ní Ìbàdàn. Ó kọ lẹ́tà, wọn kò gbà á. Ó tún kọ òmíràn. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Lọ́dún 1954, wọ́n gbà á gẹ́gẹ́ bí olùrànlọ́wọ́ nínú yàrá òkùnkùn tí wọ́n ti ń fọ fọ́tò. Lọ́dún 1961, ó di ayàwòrán ní ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn Ìbàdàn, tí í ṣe àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1959. Nígbà tó di 1963, ó kó lọ sí Èkó láti ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ìpolówó ọjà tí wọ́n ń pè ní West Africa Publicity. Ibẹ̀ ló wà títí di 1975, tó dá ilé fọ́tò tirẹ̀ sílẹ̀, tó sì pè é ní Foto Ojeikere.

Ohun tó fà á sídìí irun

Lójú Ojeikere, onídìrí kò yàtọ̀ sí agbẹ́gilére. Bí agbẹ́gilére ṣe ń fi ọ̀bẹ yọ ojú àti imú lára igi, bẹ́ẹ̀ ni onídìrí ń fi ìyarun, òwú àti ìka ọwọ́ rẹ̀ gbé iṣẹ́ ọnà ró sórí ènìyàn. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni pé ère lè pẹ́ nílẹ̀ títí ọmọ-ọmọ yóò fi bá a, ṣùgbọ́n irun kì í ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ tí wọ́n yóò fi tú u. Bí wọ́n bá ti tú u tán, iṣẹ́ ọnà náà parẹ́ nìyẹn. Bí àṣà tuntun bá sì dé, tí wíìgì gbòde, a lè má rí ẹni tí yóò rántí bí wọ́n ṣe ń dì í mọ́. Ohun tó ń bà á lẹ́rù nìyí, òun náà ló sì sọ di iṣẹ́.

Ọ̀nà tó ń gbà ṣiṣẹ́

Níbi ìgbéyàwó, lójú pópó, ní ibi iṣẹ́, ibikíbi tó bá ti rí irun tó wù ú, yóò bẹ ẹni tó ni ín kí ó jẹ́ kí òun yà á. Fọ́tò aláwọ̀ dúdú àti funfun ló ń yà, ẹ̀yìn orí ló sì sábà máa ń yà. Nígbà mìíràn, a máa ya ẹ̀gbẹ́ kan. Kì í sábà ya iwájú. Kì í fi ohunkóhun sí ẹ̀yìn ẹni tó ń yà, kí ojú má baà kúrò lára irun. Nítorí pé ọ̀nà kan náà ló tọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ènìyàn lè to àwọn fọ́tò náà sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí ó sì rí bí ṣùkú kan ṣe yàtọ̀ sí èkejì.

A tún máa béèrè orúkọ irun náà. Lára wọn ni Onílé Gogoro, tí wọ́n tún ń pè ní Àkàbà, èyí tó yà lọ́dún 1975, àti Abẹ̀bẹ̀, tó yà lọ́dún kan náà. Ó ya gèlè pẹ̀lú, ó sì ya àwọn ilé ńláńlá tí wọ́n ń kọ́ lẹ́yìn òmìnira.

Ìwòye rẹ̀ nípa ayé

Ojeikere gbà pé iṣẹ́ ọnà ni ìgbésí ayé fúnra rẹ̀, àti pé níbi tí kò bá ti sí i, ayé yóò tutù nini. Fọ́tò ìpolówó ọjà ló fi ń jẹun, ṣùgbọ́n irun kì í ṣe iṣẹ́ tí oníbàárà gbé wá fún un. Ó ń yà á kí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè rí i.

Ó pẹ́ kí òkèèrè tó mọ̀ ọ́n. Lọ́dún 2000, wọ́n pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ ní Fondation Cartier nílùú Paris. Lọ́dún 2007, ní Documenta nílùú Kassel ní Jámánì. Lọ́dún 2013, ní Venice ní Ítálì. Ọjọ́ kejì oṣù kejì ọdún 2014 ló papò dà ní Èkó, lẹ́ni ọdún 83. Ọmọ rẹ̀, Amaize Ojeikere, jẹ́ ayàwòrán bákan náà.

Orúkọ irun ló wà lábẹ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ fọ́tò náà. Orúkọ àwọn obìnrin tó di irun kò sí níbẹ̀. Síbẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ wọn tó yẹ kó ti parẹ́ ṣì wà, onídìrí òde òní sì lè fi ojú ka ìlà irun tí wọ́n ti tú láti nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, kí ó sì tún un dì.