Olúmọ Dára, 1842 Ńkọ́?

Láti Sángò-Ọ̀tà dé Abẹ́òkúta kì í ṣe ọ̀nà jíjìn, ká ní títì dára ni. Ní Sátidé kan, àwa mẹ́rin tí a jọ ń kọ sọ́fítíwíà pa kọ̀ǹpútà tì, a sá fún ariwo jẹnẹrétọ̀, a wọ ọkọ̀ lábẹ́ bíríjì Sángò. Ó di ẹ̀yìn Ifọ̀ kí ara tó rọ̀ wá díẹ̀.

Ẹ̀rọ agbénigòkè ti wà ní Olúmọ láti ọdún 2006, ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn ara òkúta la gbà. (Ká má purọ́, orúnkún wa gbọ̀n.) Ibi tó mú wa dákẹ́ kò sí lórí òkè rárá, abẹ́ àpáta ni. A ní láti bẹ̀rẹ̀ kí a tó lè wọ ibẹ̀. Ihò róbótó-róbótó wà nílẹ̀ òkúta náà, tí wọ́n ń lọ oúnjẹ nínú wọn nígbà ogun. Ogun tó bẹ̀rẹ̀ láti Òwu ló run àwọn ìlú Ẹ̀gbá, tí Ṣódẹkẹ́ fi kó wọn débẹ̀ ní 1830.

Afinimọ̀nà wa mọ ìtàn sọ. Ó sọ bí ogun Dahomey ṣe wá ní 1851, tí wọ́n tún wá ní 1864, tí wọn ò rí ìlú náà kó. Ọ̀kan nínú wa, ọmọ Àwórì, ọmọ Ọ̀tà gan-an, wá bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, 1842 ńkọ́?"

Ọdún yẹn ni Ẹ̀gbá ṣẹ́gun Ọ̀tà. Wọ́n ń wá ọ̀nà dé etí òkun, níbi tí ìbọn àti ọjà òyìnbó ti ń wọlé, Ọ̀tà sì wà lójú ọ̀nà. Ọdún 12 péré lẹ́yìn tí àwọn fúnra wọn sá wọ abẹ́ àpáta! Ọ̀tà sì wà lábẹ́ Abẹ́òkúta fún ọ̀pọ̀ ọdún.

"Àbúrò mi," ni afinimọ̀nà dáhùn, "ayé ogun nìyẹn o."

A ò lè dá a lẹ́bi. Àwa tó kù ti ń gbé Ọ̀tà tipẹ́, a ò mọ̀ ọ́n rí. Ọ̀tà kò ní àpáta tí àlejò ń sanwó gùn. Tírélà àti iléeṣẹ́ la mọ̀ ọ́n mọ́.

Nígbà tí a dé téńté òkè, tí à ń ya fọ́tò àwọn òrùlé páànù tó ti dípẹtà, ọ̀rẹ́ wa yọ fóònù, ó ṣí máàpù, ó sì nàka sí gúúsù. A wò ó títí. Kùrukùru nìkan la rí.