Nicaea: Ọ̀rọ̀ Kan lórí Ẹni tí Jésù í Ṣe

Arius, àlùfáà kan ní Alexandria ní ilẹ̀ Íjíbítì, kọ́ni pé Ọlọ́run Baba ni ó dá Ọmọ, àti pé ìgbà kan wà tí Ọmọ kò sí. Ní ọdún 325, Constantine, olú-ọba Róòmù, pe àwọn bíṣọ́ọ̀bù jọ sí Nicaea. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ Gíríìkì kan, homoousios, dáhùn: ìwà-Ọlọ́run kan náà ni Baba àti Ọmọ jọ ní. Ọ̀pọ̀ ṣiyèméjì, nítorí ọ̀rọ̀ náà kò sí nínú Ìwé Mímọ́. Lójú Athanasius, bíṣọ́ọ̀bù Alexandria láti ọdún 328, ìgbàlà ni ọ̀ràn náà dá lé: ẹ̀dá kò lè gba ẹ̀dá là. Ẹ̀ẹ̀márùn-ún ni wọ́n lé e kúrò nílùú. Ó ti kú kí ìpàdé Constantinople tó fìdí ìgbàgbọ́ Nicaea múlẹ̀ ní ọdún 381.