Ẹsẹ̀ Ló Ṣáájú Ọwọ́

 

Ní Sátidé tí a parí ìdánwò, a gbà yín láyè láti gbé géèmù wá sí kíláàsì. Ọ̀kan nínú yín mú ikọ̀ Houston ti 1994 nínú NBA 2K, ó ń pariwo pé, "Tíṣà, ẹ wá wo Hakeem mi!" Mo lọ wò ó. Bí ẹni tó mú bọ́ọ̀lù bá ti ṣe bí ẹni tó fẹ́ jù ú, Hakeem a fò sókè fíò. Ẹnìkejì a rọra kọjá lábẹ́ apá rẹ̀, a sì ju bọ́ọ̀lù sínú apẹ̀rẹ̀. Wọ́n na ọmọ wa nínàkunà. Mo wá bi í pé ọmọ ibo ni Hakeem yìí. Ó ní, "Ọmọ Houston níbí ni." N ò ní purọ́, ó dùn mí díẹ̀.

Ọmọ Èkó ni Hakeem Ọlájùwọ́n. Ọjọ́ 21, oṣù Kìíní, 1963 ni wọ́n bí i, òwò símẹ́ǹtì sì ni àwọn òbí rẹ̀ ń ṣe. Ẹ pe orúkọ náà bó ṣe yẹ: ọlá jù wọ́n. Ẹ má pè é bí àwọn ti orí tẹlifíṣọ̀n ṣe ń pè é. Ó ti pé ọmọ ọdún 15 kó tó bẹ̀rẹ̀ bọ́ọ̀lù àjùsápẹ̀rẹ̀. Aṣọ́lé ni tẹ́lẹ̀ nínú bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá, ó sì tún máa ń gbá bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá.

Ẹ ro ti aṣọ́lé wò ná. Èyí tó bá kánjú ṣubú kí wọ́n tó gbá bọ́ọ̀lù, àwọ̀n rẹ̀ ti mì nìyẹn. Ẹsẹ̀ ló ń kọ́kọ́ gbé, díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi dí igun tí wọ́n ń wò. Ọwọ́ ló ń kẹ́yìn. Ẹsẹ̀ aṣọ́lé yìí ni Ọlájùwọ́n gbé wá sí Yunifásítì Houston ní 1980.

Òfin eré náà fúnra rẹ̀ sì fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kejìlá 1891, ní Springfield, Massachusetts, James Naismith so apẹ̀rẹ̀ èso méjì mọ́ òkè, ó sì kọ òfin 13. Ẹ kò gbọdọ̀ ti ẹnìkejì, ẹ kò gbọdọ̀ dì í mú, ẹ kò gbọdọ̀ gbé ẹsẹ̀ dá a, ẹ kò gbọdọ̀ lù ú. Kí ló wá kù fún ẹni tó ń dènà? Kó ti wà ní ojú ọ̀nà kí ẹnìkejì tó dé ibẹ̀ ni. Bill Russell ti Boston mọ èyí dunjú, ó sì gba ife-ẹ̀yẹ 11 láàárín ọdún 13. Bó bá dá bọ́ọ̀lù dúró, kì í sábà gbá a sáàárín èrò ìwòran. Ẹni tirẹ̀ ló máa ń tì í sí.

Ọjọ́ 19, oṣù Kẹfà, 1994 ni ọjọ́ tí n kì í gbàgbé. New York ti borí ní ẹ̀ẹ̀mẹta, Houston ní ẹ̀ẹ̀mejì. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ló kù, Houston fi 86 sí 84 ṣáájú. John Starks gbé bọ́ọ̀lù sókè láti ọ̀nà jíjìn, níbi tí bọ́ọ̀lù kan ti jẹ́ àmì mẹ́ta. Bó bá wọlé, ife ti lọ sí New York. Ọlájùwọ́n fi Patrick Ewing tó ń ṣọ́ sílẹ̀, ó sáré jáde, ó nà, orí ìka rẹ̀ sì kan bọ́ọ̀lù. Ó tán. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Houston borí pẹ̀lú 90 sí 84, ìlú wa yìí sì gba ife NBA rẹ̀ àkọ́kọ́.

Kó tó fẹ̀yìn tì ní 2002, ó ti dá bọ́ọ̀lù dúró lọ́nà báyìí nígbà 3,830, iye tí kò sí ẹlòmíràn tó tíì dé ibẹ̀ nínú NBA. Ó tún já bọ́ọ̀lù gbà lọ́wọ́ èèyàn ju ìgbà 2,000 lọ.

Ó mọ bí wọ́n ṣe ń tan ẹni tó ń dènà jẹ náà. Ní 1995, wọ́n gbé ẹ̀bùn agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ lọ́dún náà fún David Robinson kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ yẹn kan náà ni Ọlájùwọ́n ju ara síbí, ju ara sọ́hùn-ún, tí Robinson fò, tó sì rí i pé afẹ́fẹ́ lòun fò bá. Àmì 41 ni Ọlájùwọ́n gbà.

Nítorí náà, ẹ gbé àtàǹpàkò yín kúrò lórí bọ́tìnì ìfò. Ẹ fi ara yín sáàárín ẹni tó mú bọ́ọ̀lù àti apẹ̀rẹ̀. Ẹ ti ọ̀pá kékeré apá ọ̀tún sókè kí ẹni yín nawọ́ láì fò. Ẹ má tẹ bọ́tìnì ìjágbà ní àtẹ̀ìdákẹ́, torí rẹfirí á fọn fèrè. Bí ẹsẹ̀ ẹnìkejì bá ti kúrò nílẹ̀, ẹ wá fò.

Èmi náà gbìyànjú rẹ̀ nílé. Ọmọ mi obìnrin nà mí, 31 sí 18, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan péré ló tàn mí fò.