Àrùn Parkinson àti Sẹ́ẹ̀lì Ọmọ Yorùbá: Ìbéèrè fún Òpìtàn

Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò nínú bébà yìí ni bí sẹ́ẹ̀lì ara àwọn ọmọ Yorùbá ṣe dé yàrá ìwádìí òkèèrè, tí ìwòsàn tí a ń retí láti irú yàrá bẹ́ẹ̀ kò sì tíì dé ọ̀dọ̀ aláìsàn tí ń gbé ní Ọbánikòró.

Àrùn Parkinson, tí James Parkinson ṣe àpèjúwe rẹ̀ ní 1817, a máa mú kí ọwọ́ gbọ̀n, kí ara le, kí ìrìn sì falẹ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ tí ń pèsè dopamine ni ó ń kú díẹ̀díẹ̀. Levodopa ń dín ìnira náà kù (èso yèrèpè tí gbogbo wa ń sá fún nínú igbó ní in nínú pẹ̀lú), ṣùgbọ́n kò lè jí sẹ́ẹ̀lì tí ó ti kú.

Àwọn kan gbà pé àrùn yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe ènìyàn dúdú. Ìwádìí ojúlé-dé-ojúlé tí Schoenberg, Ọ̀ṣúntókun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ̀ jáde ní 1988 fi hàn pé, láàárín àwọn tí ó ti lé ní ọdún 39, ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 67 nínú 100,000 ní Igbó-Ọrà, ó sì jẹ́ 341 láàárín àwọn ènìyàn dúdú Copiah County ní Mississippi. Ènìyàn dúdú ni ìhà méjèèjì. Àwọ̀ ara nìkan kò lè jẹ́ ìdí ìyàtọ̀ náà.

Nínú iṣẹ́ HapMap, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2002, a gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ Yorùbá 90 ní Ìbàdàn: bàbá, ìyá àti ọmọ kan láti ìdílé 30. A fi fáírọ́ọ̀sì Epstein-Barr sọ sẹ́ẹ̀lì wọn di ìran tí ń bí sí i láìdáwọ́ dúró, a sì kó wọn pamọ́ sí Coriell ní New Jersey. Lẹ́yìn tí Yamanaka ti fi hàn ní 2006 àti 2007 pé a lè dá sẹ́ẹ̀lì àgbà padà sí ipò ọlẹ̀, àwọn olùwádìí ní Chicago ṣe bẹ́ẹ̀ sí díẹ̀ nínú wọn. Ẹ̀sùn olè kọ́ ni a ń fi kan ẹnikẹ́ni, nítorí a bá ará àdúgbò jíròrò kí a tó gba ẹ̀jẹ̀ náà. Ẹni tí ó ń jèrè ni a ń béèrè.

Ní oṣù kẹrin 2025, a tẹ àbájáde gbígbin sẹ́ẹ̀lì dopamine tí a tọ́ dàgbà nínú àwo sí ọpọlọ jáde: aláìsàn 7 ní Kyoto, 12 ní Amẹ́ríkà àti Canada. Kò mú ewu ńlá wá, ṣùgbọ́n ènìyàn 19 kéré jọjọ. Aláìsàn Ọbánikòró, tí ó bá gba ọ̀nà Ìkòròdú dé Ojúẹlẹ́gba, tí ó sì yà sí Ìdí-Àràbà, oògùn oníhóró ni yóò gbà bọ̀.

Síbẹ̀, Ìdí-Àràbà yìí náà ni Njideka Okubadejo ti ń ṣiṣẹ́. Òun, Mie Rizig àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ni ó fi hàn ní 2023 pé ìyípadà kan nínú jíìnì GBA1, tí ó ṣọ̀wọ́n gidigidi láàárín àwọn ará Yúróòpù, ń mú kí àrùn yìí tètè mú ọmọ Áfíríkà. Ẹni tí ó ní ẹ̀dà rẹ̀ kan wà nínú ewu ní ìlọ́po 1.5, ẹni tí ó ní méjì, ìlọ́po 3.5. Bí a bá ń fi sẹ́ẹ̀lì ará Yúróòpù nìkan dán oògùn wò, ìyípadà yìí kò ní hàn nínú àwo náà rárá.