Peggy Ashcroft àti Lẹ́tà Èébú

Ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1930, kí obìnrin òyìnbó fẹnu ko ènìyàn dúdú lẹ́nu lójú èrò, ọ̀ràn ńlá ni. Peggy Ashcroft, ọmọ Croydon, ẹni ọdún 22, ló dán an wò ní tíátà Savoy. Òun ni Desdemona nínú eré Shakespeare. Paul Robeson, ọmọ Amẹ́ríkà tí bàbá rẹ̀ ti ṣẹrú rí, ni Othello ọkọ rẹ̀. Tọkọtaya ni wọ́n kúkú jẹ́ nínú eré! Síbẹ̀, lẹ́tà èébú ń wọlé. Ẹ tún gbọ́ èyí: ní 1929, hòtẹ́ẹ̀lì Savoy tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tíátà yẹn kọ̀ láti ta oúnjẹ fún Robeson nítorí àwọ̀ rẹ̀.

Ọmọbìnrin náà ò yẹ̀. Ó sọ nígbà tó yá pé eré yẹn ló gbé ọ̀rọ̀ àwọ̀ síwájú òun, tí òun sì yan ibi tí òun máa dúró sí.

Orí ìtàgé ló ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ayé rẹ̀. Wọ́n fi oyè Dame dá a lọ́lá ní 1956. Lọ́dún 1963, ó ti lé ní 50 ọdún nígbà tó ṣe Ayaba Margaret láti ìgbà ọmọge títí dé arúgbó. Ẹni tó bá rò pé eré ṣíṣe ò nira, kó lọ dán ìyẹn wò.

Ẹni ọdún 77 ni kó tó gba Oscar ní 1985, fún sinimá A Passage to India. Ta ló ṣe níbẹ̀? Mrs Moore, ìyá àgbà òyìnbó tó gbà pé Aziz, dókítà ará Íńdíà, ò jẹ̀bi, nígbà tí àwọn òyìnbó ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń wá bí wọ́n ṣe máa sọ ọ́ sẹ́wọ̀n. Ọdún 1991 ló kú.