Oúnjẹ, Àgbo àti Àtọ̀gbẹ: Ohun Tí Ó Yẹ Kí Ẹ Mọ̀

Kí ni àtọ̀gbẹ?

Àtọ̀gbẹ, tàbí ìtọ̀ ṣúgà, ni àìsàn tí ó máa ń mú kí ṣúgà pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀. Nínú irú rẹ̀ kejì, èyí tí ó wọ́pọ̀ jù lọ láàrin àgbàlagbà, ara kì í lo insulin bí ó ti yẹ. Bí a bá wọn ṣúgà ẹ̀jẹ̀ yín ní òwúrọ̀ kí ẹ tó jẹun, tí ó sì jẹ́ 126 mg/dl tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ọjọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, àìsàn náà ti wà. Bí a kò bá tọ́jú rẹ̀, ó lè ba ojú, kíndìnrín àti ẹsẹ̀ jẹ́ láìsí ìrora ní ìbẹ̀rẹ̀.

Báwo ni oúnjẹ ṣe ń ṣe ìrànlọ́wọ́?

Búrẹ́dì funfun àti ìrẹsì funfun máa ń yára di ṣúgà nínú ara. Ẹ̀wà kì í yára bẹ́ẹ̀, nítorí pé ó ní fọ́nrán púpọ̀ tí kì í dà nínú ikùn. Díẹ̀díẹ̀ ni ṣúgà inú rẹ̀ ń wọ ẹ̀jẹ̀. Bákan náà, jéró tàbí ọkà bàbà tí a lọ̀ tèèpo-tèèpo fún tuwo dára ju èyí tí a ti bó lọ. Nínú ògì, èérí tí a ń dà nù ni fọ́nrán pọ̀ sí jù. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀fọ́ gba ìdajì àwo yín, kí òkèlè gba ìdá kan nínú mẹ́rin, kí ẹ̀wà, ẹja tàbí ẹran gba ìyókù.

Ewúro, hulba àti kápúsù ńkọ́?

Ewúro, tí àwọn Ìgbò ń pè ní onugbu, dára nínú ọbẹ̀. Ṣùgbọ́n lára eku ni a ti ṣe púpọ̀ nínú ìwádìí lórí bí ó ṣe ń dín ṣúgà kù. Àwọn ìwádìí kéékèèké fi hàn pé hulba, tí wọ́n ń lò púpọ̀ ní ìhà Àríwá, lè mú ṣúgà wálẹ̀ díẹ̀. Kì í ṣe pé a kórìíra ewé: láti inú ìmọ̀ nípa ewé kan tí ń jẹ́ Galega ni a ti rí oògùn metformin. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé a mọ ìwọ̀n metformin. A kò mọ ìwọ̀n ohun tí ó wà nínú ife àgbo. Nọ́ńbà NAFDAC lára páálí kò sì túmọ̀ sí pé a ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ohun náà ń wo àtọ̀gbẹ.

Ewu wo ni ó wà níbẹ̀?

Bí ẹ bá ń lo glibenclamide tàbí insulin, tí ẹ sì fi àgbo kún un, ṣúgà lè lọ sílẹ̀ ju 70 mg/dl lọ. Àwọn àmì rẹ̀ ni:
- òógùn àti ara gbígbọ̀n;
- ebi òjijì àti àyà jíjá;
- ìdàrúdàpọ̀ ọkàn.

Ẹ tètè po ṣíbí kékeré mẹ́ta tàbí mẹ́rin ṣúgà mọ́ omi, kí ẹ mu ún. Ẹ tún wọn ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì jẹun. Ẹ má ṣe fi ohunkóhun sí ẹnu ẹni tí ó ti dákú. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá.

Ìmọ̀ràn

Bí ṣúgà yín bá wálẹ̀, ìtọ́jú ni ó ń ṣiṣẹ́; kò túmọ̀ sí pé àìsàn ti lọ. Ẹ má ṣe dá oògùn dúró fúnra yín. Ẹ sọ gbogbo àgbo àti kápúsù tí ẹ ń lò fún dókítà tàbí nọ́ọ̀sì yín, kí wọ́n lè tọ́ yín sọ́nà.